Dátà òru: oṣù mẹ́jọ tí mo ti ń jí ní aago méjìlá

Iṣẹ́ fídíò ni mò ń ṣe: ìgbéyàwó, ìsìnkú, ìkómọ. Ṣọ́ọ̀bù mi wà ní Òkè Àrò, Àkúrẹ́ níbí. Fídíò ìgbéyàwó kan lè tó jíígì mẹ́fà, àwọn ẹbí tó wà ní Kánádà ò sì ní wá gbà á lọ́wọ́ mi, orí ayélujára ni mo ti ń fi í ránṣẹ́. Nígbà tí NCC, àjọ ìjọba tó ń ṣàkóso àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, gbà ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2025 pé kí àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì fi owó kún owó wọn, tó ìdá 50 nínú ọgọ́rùn-ún, dátà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ èrè mi. Bí mo ṣe bọ́ sídìí dátà òru nìyẹn.

Aago méjìlá òru sí márùn-ún ìdájí ni tèmi ń ṣiṣẹ́. Owó jíígì kan ọ̀sán máa ń ra méjì àti díẹ̀ lóru. Kì í ṣe pé àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì ń ṣàánú wa o. Òpó nẹ́tíwọ́ọ̀kì tó wà lẹ́yìn ilé wa ní Ìjókà kì í sùn. Jẹnẹrétọ̀ rẹ̀ ń mu dísẹ́ẹ̀lì, èèyàn lò ó, èèyàn ò lò ó. Ọ̀sán ni gbogbo wa ń fún ara wa pa níbẹ̀. Aláta Ọjà Ọba tí tòmátò kù sílẹ̀ fún nírọ̀lẹ́ náà kì í jẹ́ kó jẹrà mọ́ òun lọ́wọ́, pọ́ọ́kú ni yóò tà á.

Ó sì yá, kí n má purọ́. Èyí tó ń gbà mí láti ọ̀sán títí dìgbà tí mo bá ti ṣọ́ọ̀bù, màá kàn jókòó sórí àpótí lójú fèrèsé, màá máa pa ẹ̀fọn, kí n tó mu gààrí tán ó ti lọ.

Aago márùn-ún yẹn ni kẹ́ ẹ ṣọ́ra fún. Lóru ọjọ́ kan, wọ́n mú iná lọ ní nǹkan bí aago mẹ́ta ààbọ̀, ráútà kú. Nígbà tí iná dé, mo tún fídíò tí mò ń fi ránṣẹ́ bẹ̀rẹ̀, oorun sì gbé mi lọ. Ìpè àdúrà ló jí mi. Dátà òru ti parí, ráútà ò dúró. Ó ti wọnú dátà ọ̀sẹ̀ mi, ó jẹ ẹ́ tán, ó bọ́ sórí káàdì tí mo fẹ́ fi pe oníbàárà, ó gbá ₦1,800 mọ́lẹ̀. Fídíò náà sì wà lórí ìdá 94 nínú ọgọ́rùn-ún! Mo pe àwọn onínẹ́tíwọ́ọ̀kì, ọmọbìnrin tó gbé e ní, "Ẹ má bínú sà, bó ṣe rí nìyẹn." Èyí tí n ò tíì lò nínú ti òru pàápàá, wọ́n ti gbà á padà.

Ní báyìí, síìmù ọ̀tọ̀ ni mò ń fi ra dátà òru, n kì í fi káàdì sínú ẹ̀. Mo sì máa ń gé fídíò sí wẹ́wẹ́, kí iná tó lọ má baà ba gbogbo ẹ̀ jẹ́.

Ká ní mítà iná wa náà ń ṣe báyìí ni! Ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ètò kan wà tí wọ́n ń pè ní Economy 7, tó ń dín owó iná kù fún wákàtí méje lóru. Tèmi ò mọ òru yàtọ̀ sí ọ̀sán, iye kan náà ló ń yọ.

Bó bá jẹ́ pé WhatsApp lẹ fẹ́ lò, ẹ má ra dátà òru. Ta lẹ fẹ́ bá sọ̀rọ̀ láago mẹ́ta òru? Ẹni tó ní ẹrù ńlá láti gbé ló wà fún. Nínú márùn-ún, mo fún un ní mẹ́ta. Ìyàwó mi, tí iná kọ̀ǹpútà kì í jẹ́ kó sùn, ní ọ̀kan lòun fún un.