Ìyẹ̀ pákó, tófù tàbí ṣùkù àgbàdo: èwo ni ká dà sínú bàsíà ológbò?

Yanrìn ológbò ni ohun tí à ń dà sínú bàsíà kí ológbò inú ilé máa tọ̀, kó sì máa yàgbẹ́ sí i. Amọ̀ ló pọ̀ jù nínú èyí tí wọ́n ń tà láàpò. Bẹ́ntónáìtì ni wọ́n ń pe amọ̀ ọ̀hún. Wọ́n ń wà á láti inú ilẹ̀, wọ́n ń yan án gbẹ, wọ́n sì ń fọ́ ọ wẹ́wẹ́. Bí ìtọ̀ bá kàn án, á wú, á sì ṣù jọ, ẹ ó kàn fi ṣíbí oníhò kó o kúrò. Ó mọ iṣẹ́ yẹn ṣe, a ò lè parọ́ mọ́ ọn. Ibi tó kù sí ni pé kì í jẹrà. Ẹ rì í mọ́ ẹ̀yìn ilé lónìí, amọ̀ náà lẹ máa hú jáde lẹ́yìn ọdún 10. Eruku rẹ̀ ní sílíkà nínú, kò sì dára fún ẹ̀dọ̀fóró ológbò tàbí ti ẹni tó ń dà á. Àpò rẹ̀ tún wúwo débi pé ọlọ́kadà tó máa gbé e láti Lágéré dé Parakin á kọ́kọ́ wò yín lójú kó tó dá iye.

Mẹ́ta ló yẹ ká gbé yẹ̀ wò fún ilé Ifẹ̀ àti Iléṣà nínú èyí tó ń jẹrà: tófù, kóró pákó tí wọ́n fi ẹ̀rọ tẹ̀, àti ìyẹ̀ pákó láti sọ́mìlì àdúgbò. Ẹ jẹ́ kí n ti sọ ibi tí mo fì sí: ìyẹ̀ pákó ni, bí ẹ bá ti mọ igi tó ti jáde.

Tófù mọ́ lójú, ó sì rọrùn lọ́wọ́. Èérí sóyà ni, ohun tó kù nínú asẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá sẹ́ wàrà sóyà tán. Wọ́n á pò ó mọ́ sítáàṣì àti gọ́ọ̀mù, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ jáde ní kóró tínínrín, nǹkan bíi mìlímítà 2 ní fífẹ̀. Ẹ dà á tó sẹ̀ǹtímítà 5 tàbí 6 sínú bàsíà, á ṣù jọ dáadáa, eruku rẹ̀ kéré, kì í sì í lẹ̀ mọ́ ẹsẹ̀ ológbò púpọ̀. Ìṣòro rẹ̀ ni pé oúnjẹ ni. Láti ìgbà tí òjò bá ti fìdí múlẹ̀ títí di oṣù kẹwàá, ọ̀rinrin inú yàrá tó láti mú kí ó bu, kó sì máa rùn kan. Èèrà á wá a wá, èkúté náà á wá a wá, tí ológbò fúnra rẹ̀ á sì máa wò ó. Ẹni tó bá fẹ́ lò ó gbọ́dọ̀ tú u sínú rọ́bà ọ̀dà onílítà 20 tó ní ìdérí tó dè dáadáa ní ọjọ́ tó bá já àpò. Ilẹ̀ Ṣáínà ni wọ́n ti ń ṣe èyí tó pọ̀ jù nínú rẹ̀. Ọkọ̀ òkun gbé e dé Èkó, tírélà gbé e kúrò níbẹ̀, nítorí náà àwòrán ewé tútù tó wà lára àpò kò tíì sọ ìtàn náà tán. Wọ́n tún máa ń kọ ọ́ sí i pé ẹ lè dà á sí ṣáláńgá olómi. Ẹ má dán an wò. Ó ń wú nínú páìpù, kò sì sí ẹni tó fẹ́ sanwó ìkósókàwéè nítorí ológbò.

Ṣùkù àgbàdo tí wọ́n lọ̀ kò yàtọ̀ sí i púpọ̀: ó ń fa omi dáadáa, ó sì ń bu kíákíá. Èyí tó bá ti bu lè ní aflatoxin, májèlé tí èbu ń mú wá, nínú, ológbò tó ń lá ẹsẹ̀ rẹ̀ yóò sì gbé e mì. Mi ò ní rà á lásìkò òjò.

Kóró pákó ní ọgbọ́n nínú. Wọn kì í fi gọ́ọ̀mù sí i. Ooru àti agbára ẹ̀rọ ló ń mú kí èròjà inú igi fúnra rẹ̀ lẹ ìyẹ̀ náà pọ̀. Bí ìtọ̀ bá kàn án, á wú, á sì tú padà di ìyẹ̀. Nítorí náà, bàsíà méjì ló ń fẹ́. Ẹ fi ìṣó gbígbóná lu ihò tó tó mìlímítà 5 káàkiri ìdí ọ̀kan, kí ẹ sì tì í bọ inú èkejì. Kóró tó gbẹ á dúró sókè, ìyẹ̀ tó ti tú á jọ̀ lọ sísàlẹ̀ bí ẹ bá ti mi bàsíà. Sẹ̀ǹtímítà 3 péré ti tó, torí ó ń wú. Àmọ́ ó le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ológbò tó ti dàgbà àti ọmọ ológbò kì í sábà fẹ́ ẹ, bẹ́ẹ̀ ni kì í fi gbogbo ìgbà wà lọ́jà lọ́dọ̀ wa.

Ó wá ku ìyẹ̀ pákó lásán, èyí tí sọ́mìlì ń dáná sun tàbí tí àwọn olùsìn adìẹ ń kó. Igi tó bá ń mú káfíńtà sín, yóò mú ológbò sín. Masóníà, tí àwọn àgbà ń pè ní ọfún, ló burú jù: ìyẹ̀ rẹ̀ ń mú kí imú àti ara yún èèyàn. Ìrókò àti arère náà lè dá ikọ́ fée (asthma) sílẹ̀. Èyí tí mo fara mọ́ ni mẹ̀líná, igi funfun tí òórùn rẹ̀ kò le. Ẹ sọ fún ẹni tó wà nídìí ẹ̀rọ pé ọjọ́ tó bá ń la mẹ̀líná nìkan lẹ fẹ́ kó ìyẹ̀, kí ẹ sì mú àpò tiyín dání. Bí ó bá ti dà pọ̀ mọ́ òkìtì, kò sẹ́ni tó lè yà á mọ́. Ẹ má gba ti plàìwúùdù nítorí gọ́ọ̀mù inú rẹ̀, ẹ má sì gba ti pákó tí wọ́n ti fi oògùn ikán pa.

Igi tútù ni wọ́n sábà ń là, nítorí náà ìyẹ̀ yẹn ní omi nínú. Ẹ tẹ́ ẹ sórí tapólì fún ọjọ́ 2 sí 3 nínú oòrùn tó mú, kí ẹ máa yí i. Lẹ́yìn náà kí ẹ fi ajọ̀ gàrí jọ̀ ọ́, kí ẹ bo imú. Èyí tó jọ̀ sílẹ̀ ti kúná jù, eruku ni. Èyí tó kù lórí ajọ̀ lẹ fẹ́, lẹ́yìn tí ẹ bá ti ṣa ẹ̀rún igi kúrò. Bàsíà tó jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 40 sí 50, tí ẹ da ìyẹ̀ sí tó sẹ̀ǹtímítà 5, yóò gba lítà 10, ìyẹn ìdajì rọ́bà ọ̀dà. Kò ní ṣù jọ bí amọ̀. Ẹ máa kó ìgbẹ́ lójoojúmọ́, kí ẹ máa wa ibi tó tutù kúrò, kí ẹ sì da gbogbo rẹ̀ nù lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀, tàbí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ bí òjò bá wọ̀.

Àwọn kan máa ń bu eérú sí i kó má bàa rùn. Ìdàkejì ló ń ṣe. Kòkòrò àìfojúrí ló ń sọ ìtọ̀ di amóníà, eérú sì ń ti amóníà yẹn jáde sínú afẹ́fẹ́, pàápàá eérú èèpo kókó tí wọ́n fi ń se ọṣẹ dúdú. Ó tún lè bó àtẹ́lẹsẹ̀ ológbò. Níwọ̀n bí kókó ti pọ̀ lágbègbè wa, ẹ jẹ́ ká fi kún un: èèpo kókó gbígbẹ kì í ṣe yanrìn ológbò rárá. Theobromine inú rẹ̀, májèlé ni fún ológbò àti ajá.

Bí ẹ ṣe máa yí i padà ló ṣòro jù. Ẹsẹ̀ ni ológbò fi ń mọ ibi ìgbọ̀nsẹ̀ rẹ̀. Ohun tó kúná tí kò ní lọ́fínńdà ló fẹ́. Ẹ má pààrọ̀ yanrìn, bàsíà àti igun yàrá lẹ́ẹ̀kan náà. Ẹ fi ìyẹ̀ ìdá kan sínú amọ̀ ìdá mẹ́ta fún ọjọ́ 4, kí ẹ sọ ọ́ di ìdajì-ìdajì fún ọjọ́ 4 mìíràn, lẹ́yìn náà kí ìyẹ̀ di ìdá mẹ́ta, kí amọ̀ di ìdá kan. Kóró pákó kò gba àpòpọ̀ yìí, torí amọ̀ á dí ihò bàsíà. Bàsíà méjì lẹ máa gbé kalẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, kí ẹ bu ẹ̀kúnwọ́ yanrìn tó ti lò sínú tuntun kó lè gbóòórùn ara rẹ̀. Bí ó bá ń gbọn ẹsẹ̀, tó dúró sórí etí bàsíà, tàbí tó tọ̀ sórí aṣọ tí ẹ kó jọ, ẹ padà sí ìpele tó ṣáájú fún ọjọ́ díẹ̀. Akọ ológbò tó ń lọ tó ń bọ̀ nídìí bàsíà, tó ń tiraka láti tọ̀ tí ìtọ̀ kò jáde, ọ̀rọ̀ yanrìn kọ́ nìyẹn: ibi tí ìtọ̀ ń gbà ti dí. Dókítà ẹran lọ́jọ́ náà gan-an. Bó bá di ọjọ́ kejì, ó lè kú.

Nípa dídà á nù, ẹni tó bá dì í sínú ọ̀rá dúdú ti sọ gbogbo ìnáwó náà dòfo. Kò lè jẹrà nínú ọ̀rá. Inú ìwé ìròyìn àtijọ́ ni kí ẹ dì í sí. Ẹ gbẹ́ ihò tó jìn tó sẹ̀ǹtímítà 30 fún ìgbẹ́, kó jìnnà sí kànga tó mítà 30. Kòkòrò tókísópílásímà tó lè wà nínú ìgbẹ́ ológbò ń lo ọjọ́ 1 sí 5 kó tó lè ran èèyàn, ìdí nìyẹn tí ìkólójoojúmọ́ kò fi ṣeé fọwọ́ yẹpẹrẹ mú. Kí aláboyún má kó o. Bí kò bá sí ẹlòmíràn, kí ó wọ ìbọ̀wọ́, kí ó sì fọ ọwọ́ pẹ̀lú ọṣẹ. Ìyẹ̀ tó ní ìtọ̀ nìkan lè di ajílẹ̀ fún òdòdó, kì í ṣe fún tẹ̀tẹ̀ tàbí ẹ̀wúro. Ẹ jẹ́ kó jẹrà fún bí oṣù 6 kí ẹ tó dà á sídìí òdòdó. Bí kò bá tíì jẹrà, á kọ́kọ́ fa náítírójìn inú ilẹ̀ sára, ewé á sì pọ́n.