Àsọyé Ìrọ̀lẹ́ Àbámẹ́ta ní Àjàṣẹ́: Olùkọ́ Ìtàn Tó Di Olórí Ìjọba

Ilé ìkàwé kékeré kan wà ní àdúgbò wa ní Àjàṣẹ́, tí kò tíì gbé pátákó orúkọ sí ẹnu ọ̀nà, níbi tí wọ́n ti ń ṣe àsọyé ní èdè Yorùbá ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ Àbámẹ́ta. Owó ìwọlé jẹ́ 500 sẹ́fà, omi tútù sì wà nínú rẹ̀. Èyí tí mo lọ gbọ́ kẹ́yìn dá lórí Micheál Martin ti Írẹ́lándì, ẹni tó kọ́ àwọn ọmọ girama ní ìtàn ní ìlú Cork kí ó tó wọ òṣèlú.

Bàbá olùkọ́ kan tó ti fẹ̀yìn tì ni wọ́n sọ̀rọ̀. Ohun tí wọ́n fi bẹ̀rẹ̀ ni pé ọjọ́ kìíní oṣù kẹjọ ọdún 1960 ni wọ́n bí ọkùnrin náà, ọjọ́ náà gan-an tí Dahomey, orílẹ̀-èdè wa tó ń jẹ́ Benin báyìí, gba òmìnira. Èmi tí mo ti fi déètì yẹn dán àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wò láìmọye ìgbà kò mọ̀ pé ó ní ẹlòmíràn tó ń bá wa ṣọdún rẹ̀.

Wọ́n sáré kọjá lórí ọdún 1989 tó wọ ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin àti ọdún 1997 tó di mínísítà ètò ẹ̀kọ́, n kò sì bá wọn wí, nítorí ibi tí wọ́n ń lọ dùn jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tó jẹ́ mínísítà ìlera ni òfin tó ka sìgá mímu léèwọ̀ níbi iṣẹ́, títí kan ilé ọtí, bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 29 oṣù kẹta ọdún 2004, Írẹ́lándì sì ni orílẹ̀-èdè àkọ́kọ́ tó ṣe irú rẹ̀ jákèjádò ilẹ̀ rẹ̀. Bàbá ṣàlàyé pé ẹni tí òfin náà ń dáàbò bò ni ọmọ iṣẹ́ tó ń gbé ọtí kiri, tí èéfín ẹlòmíràn ń wọ̀ nímú láti ìrọ̀lẹ́ di òru. Ọmọbìnrin kan tó ń tajà nílé ọtí mi orí lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi.

Ibi tí àsọyé náà ti kù díẹ̀ káàtó fún mi ni ọdún 2011. Ó di olórí ẹgbẹ́ Fianna Fáil ní oṣù kìíní. Nígbà tí wọ́n dìbò ní oṣù kejì, lẹ́yìn tí ọrọ̀ ajé ti dẹnu kọlẹ̀ mọ́ ẹgbẹ́ náà lọ́wọ́, ìjókòó 20 péré ni wọ́n rí nínú 166. Gbólóhùn kan ni Bàbá fi kọjá níbẹ̀. Ìgbà tí mo béèrè ni wọ́n tó sọ pé Martin pẹ̀lú ti wà nínú ìjọba tó forí sọlẹ̀ náà, àti pé ọdún 2020 ló tó di olórí ìjọba, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ àti Fine Gael, tí wọ́n ti ń bára wọn figa gbága láti ìgbà ogun abẹ́lé, gbà láti pín sáà náà. Ó fi ipò sílẹ̀ ní ìparí ọdún 2022, ó sì padà síbẹ̀ ní oṣù kìíní ọdún 2025.

Àga tó, afẹ́fẹ́ sì ń wọlé dáadáa, ṣùgbọ́n èdè Faransé nìkan ni ìwé pélébé tí wọ́n pín fún wa wà. Wọ́n ní Éamon de Valera, olùkọ́ ìṣirò tó di olórí ìjọba Írẹ́lándì, ló kàn. Bí wọ́n bá kọ ìwé tiẹ̀ ní Yorùbá, n ó san 1000 sẹ́fà.