Sátidé mẹ́fà, ₦35,000: bí ìdánilẹ́kọ̀ọ́ sóṣà wọ́kà tí mo lọ ní Àkúrẹ́ ṣe rí

Ó lé ní èèyàn márùn-ún tó ti bi mí lórí WhatsApp pé "Aunty, ìdánilẹ́kọ̀ọ́ tẹ́ẹ lọ yẹn ńkọ́, ṣé ká sanwó àbí ká fi sílẹ̀?", torí náà ẹ jẹ́ n da gbogbo ẹ̀ síbí lẹ́ẹ̀kan. Mi ò ní dárúkọ wọn o, mi ò wá ba ọjà ẹnikẹ́ni jẹ́, ẹni tó bá mọ̀ mí á bi mí ní kọ̀rọ̀.

Ohun tí wọ́n kọ sára fláyà wọn ni pé Sátidé mẹ́fà, aago mẹ́sàn-án àárọ̀ sí aago méjì ọ̀sán, ní Alágbàká, wọ́n á kọ́ ẹ níṣẹ́ sóṣà wọ́kà (àwọn tó ń ran ọmọdé àti ìdílé tó wà nínú ìṣòro lọ́wọ́) àti bí wọ́n ṣe ń jà fún ẹ̀tọ́ ọ̀dọ́, wọ́n á fún ẹ ní sátífíkéètì, wọ́n á sì bá ẹ wáṣẹ́. ₦35,000. Èmi ti parí àgùnbánirọ̀ lọ́jọ́ tó ti pẹ́ díẹ̀, mo sì ti ń bá àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà ní Ọjà Ọba jókòó lálaalẹ́ Tọ́sidé láti bí ọdún kan ààbọ̀, mò ń kọ́ wọn ní ABD àti ìṣirò, ṣùgbọ́n lọ́jọ́ tí ọ̀kan nínú wọn ká apá aṣọ sókè tó fi ibi tó bó hàn mí, tó ní ẹni tí òun ń gbé lọ́dọ̀ ẹ̀ ló da omi gbígbóná sí òun, ńṣe ni mo kàn ń sunkún, mi ò mọ nǹkan tó kàn. Ìyẹn ló jẹ́ n sanwó.

Sátidé àkọ́kọ́, ẹ fò ó. Iná ò sí, jẹnẹrétọ̀ ń pariwo lẹ́yìn fèrèsé, ọ̀gbẹ́ni kan tó wọ kóòtù ń sọ fún wa pé ká gbàgbọ́, ká má ro ara wa pin, wákàtí mẹ́ta gbáko. Tó bá jẹ́ ìwàásù ni mo fẹ́ gbọ́, ṣọ́ọ̀ṣì wà ládùúgbò mi tí wọn kì í gba ₦35,000.

Ìkejì sàn díẹ̀. Bọ̀dá tó wá kọ́ wa lórí ẹ̀tọ́ ọ̀dọ́ mọ ohun tó ń sọ, ó ṣàlàyé òfin tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní ọjọ́ 31 oṣù Karùn-ún ọdún 2018, èyí tí gbogbo wa mọ̀ sí Not Too Young To Run, pé ẹni ọdún 25 lè du ilé ìgbìmọ̀ aṣòfin ìpínlẹ̀ tàbí ilé aṣojú-ṣòfin báyìí dípò 30, ipò ààrẹ náà kúrò ní 40 ó di 35, àmọ́ ti gómìnà àti ti sẹ́nétọ̀ ò yẹ̀ kúrò ní 35 tó wà tẹ́lẹ̀. Èyí tó kẹ́yìn yẹn, ọ̀pọ̀ wa ò mọ̀. Ó tún ní nínú ìlànà ọ̀rọ̀ ọ̀dọ́ tí ìjọba àpapọ̀ gbé jáde ní 2019, ẹni ọdún 15 sí 29 ni wọ́n ń pè ní ọ̀dọ́, ni gbogbo kíláàsì bá bú sẹ́rìn-ín, torí ẹ̀gbọ́n wa kan tó jókòó níwájú tó ń pera ẹ̀ ní adarí ọ̀dọ́ àdúgbò wọn, ọmọ ẹ̀ ti wọ yunifásítì FUTA. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo bi Bọ̀dá pé tí n bá fẹ́ kọ lẹ́tà sí àwọn aṣòfin 26 tó wà nílé ìgbìmọ̀ wa níbí lórí àwọn ọmọ tó ń kiri ọjà, ta ni kí n kọ ọ́ sí, kí ni kí n kọ, ó ní ká ṣáà máa pariwo lórí íntánẹ́ẹ̀tì. Háà. Ariwo ọ̀hún náà la ti ń pa látọjọ́ yìí jàre.

Ẹ wá jẹ́ n débi tí owó mi ò ti dùn mí.

Sátidé kẹta àti ìkẹrin, màmá kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ wẹ́fíà, ọ́fíìsì ìjọba tó ń rí sọ́rọ̀ ọmọdé àti ìdílé, ló kọ́ wa. Màmá ò lo projector, ìró àti bùbá àdìrẹ ló wọ̀, ó gbé àpótí ìjókòó kékeré kan dání, irú èyí tí àwọn alákàrà máa ń jókòó lé, gbogbo wa sì rò pé orúnkún ló ń dùn wọ́n. Wọ́n pe ọ̀kan nínú wa pé kó ṣe bí ọmọ ọdún mẹ́jọ tí wọ́n lù nílé, kó jókòó sórí àga, àwọn wá jókòó sórí àpótí yẹn, wọ́n ń gbójú sókè wò ó. "Ẹ wo ibi tí ojú mi wà," wọ́n ní, "àgbàlagbà tó bá dúró lé ọmọ lórí, ọlọ́pàá ló jọ lójú ọmọ yẹn." Wọ́n ní kí àwa náà gbìyànjú ẹ̀. Nígbà tó kàn mí, ìbéèrè àkọ́kọ́ tó jáde lẹ́nu mi ni "kí ló dé tí o ò tètè sọ?" Màmá fọwọ́ lu tábìlì. Wọ́n ní "kí ló dé" yẹn, ẹ̀sùn ni, ọmọ á rò pé òun ló jẹ̀bi, kí n ní "sọ bó ṣe ṣẹlẹ̀ fún mi", kí n wá panu mọ́. Wọ́n tún ní a ò gbọdọ̀ ṣèlérí fọ́mọ láé pé a ò ní sọ fẹ́nikẹ́ni, torí níbi tọ́rọ̀ bá ti kan ẹ̀mí, dandan ni ká sọ, ọmọ tó bá sì ti ká irọ́ mọ́ wa lẹ́nu lẹ́ẹ̀kan, ó parí nìyẹn.

Mo rántí ọmọ Ọjà Ọba yẹn. "Kí ló dé" lèmi náà bi í lọ́jọ́ ọ̀hún.

Ìkẹrin, bí wọ́n ṣe ń kọ ọ̀rọ̀ ọmọ sínú fáìlì ni. Mo kọ ọ́ pé "inú ọmọ náà kò dùn, ẹ̀rù ń bà á". Màmá fi bírò pupa fa ìlà sí i nídìí. Ta ló sọ fún ẹ? Kí lo fojú rí? Wọ́n ní kí n kọ pé ó ń wolẹ̀, ó ń fa òwú etí aṣọ ẹ̀, mo bi í lẹ́ẹ̀mejì kó tó dáhùn, ohun tó bá sì sọ, bó ṣe sọ ọ́ gẹ́lẹ́ ni kí n kọ ọ́, kódà tó bá jẹ́ èdè Àkúrẹ́ ló fi sọ ọ́, torí fáìlì yẹn lè dé iwájú adájọ́ lọ́jọ́ kan. Ibẹ̀ ni wọ́n ti mú Òfin Ẹ̀tọ́ Ọmọdé tọdún 2003 wọlé, pé ẹni tí ò tíì pé ọdún 18 lọmọdé, pé ìpínlẹ̀ Òǹdó ti sọ ọ́ dòfin tiwa láti 2007, pé ilé ẹjọ́ ẹbí wà nínú òfin yẹn níbi tí adájọ́ kì í ti dá jókòó, wọ́n máa ń yan àwọn tó mọ̀ nípa ọ̀rọ̀ ọmọdé tì í. Mi ò tíì rí ẹni tó ka òfin fún mi tí mi ò sùn, Màmá yìí ni àkọ́kọ́.

Tọ́sidé tó tẹ̀lé e mo gbé àpótí kékeré lọ Ọjà Ọba. Ọmọ yẹn sọ̀rọ̀ tó ogún ìṣẹ́jú, mo kọ ọ́, mo gbé e lọ sí wẹ́fíà, ibẹ̀ la wà báyìí, mi ò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ.

Ìkarùn-ún ni wọ́n fọwọ́ ara wọn ba iṣẹ́ jẹ́. Wọ́n kó wa lọ sílé àwọn ọmọ aláìlóbìí kan, a ra ìndómì àti ọṣẹ lọ, ìyẹn ò burú. Àfi bí wọ́n ṣe to àwọn ọmọ sórí ìlà, wọ́n ní kí wọ́n gbé páálí ìndómì dání kí wọ́n rẹ́rìn-ín, ọmọbìnrin kan tí ò lè ju ọdún mẹ́wàá lọ ń fi páálí tiẹ̀ bojú, ẹni tó ń ya fọ́tò ń pariwo pé "sọ̀ ọ́ kalẹ̀, fine girl, sọ̀ ọ́ kalẹ̀ díẹ̀ si". Kó tó dalẹ́, ojú gbogbo wọn ti wà lórí Facebook, tòun ti orúkọ ilé yẹn. Ọ̀sẹ̀ kan péré lẹ́yìn tí Màmá kọ́ wa ní bí wọ́n ṣe ń bo àṣírí ọmọ! Mo fi mẹ́sẹ́ìjì ránṣẹ́ sí ẹni tó ń darí ètò náà, ó ní àwọn onígbọ̀wọ́ ló ń bèèrè ẹ̀, kí n má bínú.

Ìkẹfà, sátífíkéètì àti jọ̀lọ́ọ̀fù (ó dùn, mi ò ní parọ́, ẹran ẹ̀ sì tóbi). Iṣẹ́ tí wọ́n ní àwọn á bá wa wá, grúùpù WhatsApp ni o, tí wọ́n ti ń ju líǹkì sílẹ̀. Kò sẹ́ni tó sọ fún wa pé sátífíkéètì Sátidé mẹ́fà ò lè sọ èèyàn di sóṣà wọ́kà, Màmá ló fẹsẹ̀ kan sọ ọ́ nígbà tá à ń jẹun. Ẹ̀kọ́ yunifásítì ni, wọ́n ń kọ́ ọ ní Nsukka, Ìbàdàn, Èkó àti ibòmíì, ìjọba sì ti ṣòfin ní ìparí 2022 láti dá ìgbìmọ̀ tó máa máa mójú tó iṣẹ́ náà sílẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀hún wà ní wẹ́fíà ìjọba ìbílẹ̀, méjìdínlógún ló wà ní ìpínlẹ̀ wa, ó wà láwọn ọsibítù ńlá, ó wà ní mínísírì tó ń rí sọ́rọ̀ obìnrin, ó wà lọ́dọ̀ àwọn ẹ́njíò, ṣùgbọ́n owó ẹ̀ ò pọ̀, Màmá fẹnu ara wọn sọ ọ́ pé aṣọ làwọn ń tà mọ́ ọn kí àwọn ọmọ àwọn tó jáde ìwé. Èmi ṣì fẹ́ ẹ bẹ́ẹ̀, mo ti ń wo fọ́ọ̀mù Ìbàdàn.

Ìràwọ̀ mẹ́ta nínú márùn-ún. Méjì ààbọ̀ ti Màmá, ààbọ̀ ti jọ̀lọ́ọ̀fù. Tẹ́ẹ bá fẹ́ sanwó, ẹ kọ́kọ́ pè wọ́n, ẹ bi wọ́n bóyá Màmá ń bọ̀ ní sẹ́ẹ̀tì tó kàn, tí wọ́n bá ní rárá, ẹ fowó yín ra dátà. Fọ́tò ọmọ tó ń fi páálí bojú yẹn ṣì wà níbẹ̀ láàárọ̀ yìí, èyí tó ti sọ páálí kalẹ̀ ni wọ́n mú. Tí wọ́n bá yọ ọ́, màá padà wá fi ìràwọ̀ kan kún un.