Ọ̀dà Ìta àti Ọ̀dà Inú Ilé: Èwo Lẹ Fẹ́ Rà?

Ní ìsọ̀ àwọn ọlọ́dà n'Ílọrin, gárawá 20 líta ọ̀dà ìta àti ti inú ilé kì í fi bẹ́ẹ̀ yàtọ̀ síra lójú. Ti ìta ló sábà máa ń wọ́n jù, gọ́ọ̀mù inú rẹ̀, ohun tó ń mú ọ̀dà lẹ̀ mọ́ ògiri, ló sì fà á.

Ògiri ìta máa ń fẹ̀ bí oòrùn bá mú, á tún súnkì lóru. Gọ́ọ̀mù ọ̀dà ìta, tó sábà máa ń jẹ́ acrylic, máa ń nà bá a lọ, ìdí nìyẹn tí kì í fi tètè là. Wọ́n tún máa ń po oògùn èébu mọ́ ọn nítorí òjò. Gọ́ọ̀mù ti inú ilé le jù bẹ́ẹ̀ lọ, torí pé ọwọ́ ọmọdé àti àkísà tútù ni yóò bá jà. Òórùn rẹ̀ náà sì máa ń tètè lọ.

Bí ẹ bá fi ti inú kun ìta, kò ní pẹ́ tí àwọ̀ á fi ṣá. Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ nu ògiri tó kọjú sí ìwọ̀-oòrùn: ìyẹ̀fun funfun bí ẹfun ni yóò bá ọwọ́ bọ̀. Oòrùn ti jẹ gọ́ọ̀mù nìyẹn. Ti ìta nínú yàrá kò ní bó ní tiẹ̀, àmọ́ oògùn èébu àti òórùn yẹn ò yẹ ibi tí èèyàn ti ń ti fèrèsé sùn nígbà ọyẹ́.

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ tí òjò ń fẹ́ wọ̀, ti ìta ni. Ilé ìdáná àti balùwẹ̀, satin ti inú ilé, ìyẹn ọ̀dà tó máa ń dán díẹ̀.

Texcote, ọ̀dà oníyanrìn tí kì í dán, ńkọ́? Yanrìn inú rẹ̀ máa ń bo ìlà tín-ín-rín ara ògiri, ṣùgbọ́n gárawá kan kì í lọ jìnnà, eruku ọyẹ́ sì máa ń há sí i lára. Ẹni tó bá fẹ́ ha á kúrò lọ́jọ́ iwájú, kó yáa múra.

Ẹ ṣírò kí ẹ tó rà. Líta kan máa ń kun nǹkan bíi sukúẹ̀ mítà 10 lórí ògiri tó dán, lẹ́ẹ̀kan. Yàrá ẹsẹ̀ bàtà 12 sí 12 tó ga tó 10 máa ń ní bíi sukúẹ̀ mítà 40 ògiri, tí a bá yọ ilẹ̀kùn àti fèrèsé kúrò. Kíkùn lẹ́ẹ̀méjì jẹ́ líta 8, ìyẹn gálọ́ọ̀nù oní-líta-4 méjì. Ògiri ìta tí kò dán máa ń mu ọ̀dà. Ẹ ka líta kan sí sukúẹ̀ mítà 6 tàbí 7. Kí nọ́ńbà bátìsì ara àwọn gárawá, èyí tó ń fi hàn pé ẹ̀ẹ̀kan náà ni wọ́n pò wọ́n, jẹ́ ọ̀kan náà, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ ẹ ó rí ibi tí ọ̀kan parí tí òmíràn bẹ̀rẹ̀. Kí pẹ́ńtà má sì bu omi ju iye tí wọ́n kọ sára gárawá lọ. Àwọn pẹ́ńtà fẹ́ràn kí wọ́n máa bu omi lé e.

Ògiri tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ rẹ́, ẹ fún un ní ọjọ́ 28. Omi inú rẹ̀ máa ń gbé iyọ̀ símẹ́ńtì jáde, ọ̀dà á wú, á sì bó, ìbáà wọ́n bí ojú. Ní ti ìta, ìparí oṣù kẹwàá sí oṣù kọkànlá ló dáa jù, láàárọ̀, kí ọyẹ́ tó kó eruku dé. Lọ́sàn-án gangan oṣù kẹta, omi ọ̀dà á ti gbẹ kí gọ́ọ̀mù tó di ògiri mú.