Kí ẹ tó ní big man yín ò gbèrú, ẹ kọ́kọ́ ṣí Sports Reference

Àríyànjiyàn tó máa ń pẹ́ jù láàárín àwa tá à ń wo basketball kọ́lẹ́ẹ̀jì Amẹ́ríkà, ti big man ni, ìyẹn agbábọ́ọ̀lù gàgàrà tó ń gbá lábẹ́ agbọ̀n. Gáàdì, ìyẹn àwọn tó ń darí bọ́ọ̀lù, ò ní wàhálà, kì í pẹ́ tá a fi ń mọ̀ bóyá ó mọ̀ ọ́n gbá àbí kò mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n ọmọ gàgàrà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé láti girama, tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ò tíì balẹ̀, tí èémí ẹ̀ ò tíì tó, àwọn kan á ní ẹ fi í sílẹ̀ ó ń bọ̀, àwọn kan á ní kí kóòṣì yáa wá ẹlòmíì, wọ́n á wá máa fi póìǹtì àti ribáùǹdì (bọ́ọ̀lù tó ta padà lára agbọ̀n téèyàn gbà) bá ara wọn jà títí ilẹ̀ á fi mọ́. Ibi tí èmi ti ń yanjú irú ẹjọ́ yìí ni Sports Reference, sáìtì tó ń kó àkọsílẹ̀ eré ìdárayá jọ, apá ti basketball kọ́lẹ́ẹ̀jì o, mo sì fẹ́ sọ bó ṣe wúlò sí torí ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ṣí i tí wọ́n á kàn ka póìǹtì tán, ó parí.

Ọ̀fẹ́ ni. Kọ orúkọ ọmọ náà síbẹ̀, ojú ìwé ẹ̀ á jáde, ọdún kọ̀ọ̀kan pẹ̀lú ìlà tiẹ̀: eré tó gbá, ìṣẹ́jú tó lò, free throw (bọ́ọ̀lù tí wọ́n ń jù lẹ́yìn fáwù láìsí ẹni tó ń dí i), fáwù, block (dídí bọ́ọ̀lù tí alátakò jù), gbogbo ẹ̀. Ẹ má dúró síbẹ̀, ẹ sọ̀ kalẹ̀ díẹ̀ síbi tábìlì tí wọ́n ti ṣírò gbogbo nǹkan sí ìṣẹ́jú 40, ìyẹn gígùn odindi eré kan ní kọ́lẹ́ẹ̀jì. Tábìlì yẹn gan-an ni mo fẹ́ràn jù.

Ẹ jẹ́ ká mú Zach Edey ti yunifásítì Purdue, ọmọ Toronto tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà méje àti ínǹṣì mẹ́rin. Ọdún àkọ́kọ́ 8.7 póìǹtì léré kan, ọdún kejì 14.4, ọdún kẹta 22.3, ọdún kẹrin 25.2. Ẹni tó bá wo ìyẹn nìkan á ní ọdún kẹta lojú ẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ là, ṣebí ìgbà yẹn náà ni wọ́n fún un ní àmì ẹ̀yẹ agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù lọ ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, 2023, wọ́n sì tún fún un ní 2024. Ó dáa, ẹ wo ìṣẹ́jú ẹ̀ wàyí. Kò tó 15 lọ́dún àkọ́kọ́, 19 péré lọ́dún kejì torí òun àti Trevion Williams ló jọ ń pín ipò yẹn, ìgbà tí Williams lọ tán ló tó di nǹkan bíi 32. Tẹ́ ẹ bá wá ṣírò ẹ̀ sí ìṣẹ́jú 40, ọdún kejì yẹn ti wọ 30, ó ga ju ti ọdún kẹta tó gba àmì ẹ̀yẹ lọ! Ìyẹn ni pé ọmọ yẹn ti mọ bọ́ọ̀lù kó tíì di ìlúmọ̀ọ́ká, àyè ni kò tíì sí. Àmọ́ ẹ má torí ẹ̀ sọ pé kò sí ohun tó yí padà o, kí ọmọ tó ga tó bẹ́ẹ̀ máa sáré fún ìṣẹ́jú 32, kí ẹni méjì máa dì mọ́ ọn, kí ohun tó ń kó má sì fi bẹ́ẹ̀ wálẹ̀, ìdàgbàsókè ńlá nìyẹn lójú tèmi, èyí tó le jù gan-an ni.

Ọ̀nà míì tí sáìtì yìí fi ń gbà wá ni iye eré. Udoka Azubuike, ọmọ Nàìjíríà tó gbá fún yunifásítì Kansas, ọdún mẹ́rin ló lò níbẹ̀ ṣùgbọ́n ẹ wò ó, eré 11 péré lọ́dún kìíní nítorí ọrùn ọwọ́ tó ṣèṣe, eré 9 lọ́dún kẹta nítorí ọwọ́ náà. Báwo lẹ ṣe fẹ́ sọ pé ẹni tó pàdánù tó báyẹn lọ́ra? Àwọn tó ń bú u náà ní ẹ̀rí o, free throw 41.3% ní 2017-18, ọdún méjì lẹ́yìn náà 44.1%, kò kúrò lójú kan. Àmọ́ ribáùǹdì kúrò ní 7.0 ó di 10.5, òun sì ni agbábọ́ọ̀lù tó dáa jù ní Big 12, líìgì tí Kansas wà, lọ́dún 2020, kí Utah Jazz, ẹgbẹ́ NBA, tó mú un ní ipò 27 nígbà tí wọ́n ń yan agbábọ́ọ̀lù tuntun. Ojú ìwé kan náà gbè fún ìhà méjèèjì, mo fẹ́ràn ìyẹn.

Ibi tí mo ti dín máàkì: àwọn ayé àtijọ́. Hakeem Olajuwon tiwa láti Èkó kúrò ní yunifásítì Houston ní 1984, NCAA, àjọ tó ń darí eré kọ́lẹ́ẹ̀jì, ò sì bẹ̀rẹ̀ sí í ka block sínú àkọsílẹ̀ ẹ̀ títí di 1985-86, nítorí náà tẹ́ ẹ bá fẹ́ gbé e sẹ́gbẹ̀ẹ́ ọmọ ìsinsìnyí, ẹ ṣọ́ra. Bẹ́ẹ̀ sì ni kò sí tábìlì tó máa fi bí ọmọ ṣe ń gbé ẹsẹ̀ hàn yín, tàbí iye ẹni tó fẹ́ wọlé tó rí ọmọ náà lábẹ́ agbọ̀n tó sì yí padà. Ìyẹn, ẹ lọ wo fídíò jàre.

Stathead, apá sáìtì náà tí wọ́n ń gbowó lé, ẹni tó fẹ́ fi ọgọ́rùn-ún agbábọ́ọ̀lù wéra lẹ́ẹ̀kan náà ló wà fún. Fáàn tó fẹ́ borí àríyànjiyàn kan, ti ọ̀fẹ́ ti tó o.

Mẹ́rin nínú márùn-ún ni mo fún un. Ohun kan ṣoṣo tí mo bẹ̀ wọ́n fún: gíga ọmọ wà níbẹ̀, girama tó lọ wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá bọ́ọ̀lù ò sí. Edey ti ń gbá hockey àti baseball kó tó fọwọ́ kan basketball ní girama, Hakeem náà wà lára àwọn tó ń gbá handball l'Ékòó kó tó yà síbi agbọ̀n. Ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ gbá a fún ọdún mẹ́rin kò bá èyí tó ti ń gbá a láti kékeré dọ́gba, kódà kí póìǹtì wọn dọ́gba, nítorí náà kí wọ́n jọ̀ọ́ fi ọdún yẹn kún un.