Wayback Machine: ibẹ̀ ni mo ti rí oríkì agboolé wa tó ti sọnù

Ẹ jẹ́ n sọ ti Wayback Machine yìí fún yín o, wẹ́bsáìtì téèyàn ti lè rí bí ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣe rí tẹ́lẹ̀, kódà tó bá ti sọnù, torí ọdún kẹta rèé tí mo ti ń lò ó, kọ́bọ̀ ò jáde lápò mi àyàfi owó dátà. Àwọn Internet Archive tó wà ní San Francisco ní Amẹ́ríkà ló ni ín, Brewster Kahle ló dá wọn sílẹ̀ lọ́dún 1996, látìgbà yẹn ni wọ́n ti ń kó ojú ìwé orí íntánẹ́ẹ̀tì pamọ́, 2001 ni wọ́n wá ṣí i fún gbogbo ayé.

Ohun tó gbé mi débẹ̀ rèé. Ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní wẹ́bsáìtì kan nígbà kan, bàbá àgbà kan nínú ẹgbẹ́ ló jókòó tẹ oríkì agboolé wa síbẹ̀ látòkè délẹ̀. Bàbá ti ṣaláìsí, ẹni tó ń sanwó wẹ́bsáìtì ti lọ sókè òkun, owó ò wọlé mọ́, àwọn tó ń bá wa gbé e sórí íntánẹ́ẹ̀tì bá pa gbogbo ẹ̀ rẹ́, wọn ò pe ẹnì kankan. Mo ti gbà pé ó ti lọ nìyẹn. Àfìgbà tí mò ń tú àpótí màmá mi tí mo rí jọ́tà tí wọ́n pín níbi ìnáwó kan ní 2009, àdírẹ́sì wẹ́bsáìtì wà lẹ́yìn ẹ̀ gbàgàdà.

Mo tẹ̀ ẹ́ sí web.archive.org, ó kó ọdún jáde bíi kàlẹ́ńdà, ọjọ́ tí wọ́n bá gba ojú ìwé yẹn sílẹ̀, ẹ máa rí nǹkan rìbìtì aláwọ̀ búlúù lórí ẹ̀. Mẹ́ta péré ni mo rí ní 2010. Mo tẹ ọ̀kan, ó ń yí, ó ń yí, ìgbà tó máa ṣí, oríkì ilé wa ló wà níwájú mi yìí. Fọ́tò ò yọ àyàfi ti kábíyèsí, bàbá ò rí àmì ohùn tẹ̀ nígbà yẹn, lẹ́tà tó sì ní àmì lábẹ́ ti di àmì ìbéèrè, "?m?" ló wà níbi tó yẹ kí "ọmọ" wà. Mo bá pe màmá mi lórí fóònù, mò ń kà á lẹ́yọ lẹ́yọ, mi ò tíì ka ìlà méjì tán tí wọ́n fi gbà á lẹ́nu mi, ibi tí mo pè ní igbá, wọ́n ní rárá, igba ni, igba ẹṣin tí bàbá ńlá wa kó wọ̀lú.

Kì í ṣe gbogbo nǹkan ló ń gbà o. Ohun tó bá wà lẹ́yìn páswọ́ọ̀dù, àwọn gúrúùpù WhatsApp tá à ń kó gbogbo ọ̀rọ̀ wa sí báyìí, kò lè débẹ̀, fídíò náà sì máa ń nira fún un. Ní October 2024 àwọn olè orí íntánẹ́ẹ̀tì ṣọṣẹ́ fún wọn, wọ́n jí dátà àkáǹtì mílíọ̀nù 31, gbogbo ẹ̀ dáwọ́ dúró fún ọjọ́ mélòó kan, àyà mi já gan-an, torí níbẹ̀ náà ni mo ti ń ka 234next.com, ti ìwé ìròyìn NEXT tí Dele Olojede dá sílẹ̀ l'Ékòó, tó kógbá wọlé ní 2011.

Èyí tí mo fẹ́ràn jù ni Save Page Now, ibi tẹ́ ẹ ti lè ní kí wọ́n gba ojú ìwé kan sílẹ̀ fún yín. Ẹ lẹ lìǹkì síbẹ̀, ẹ tẹ̀ ẹ́, ẹ ní sùúrù, ó máa fún yín ní lìǹkì tuntun tí déètì àti aago wà nínú ẹ̀. Ẹ má dúró de ìgbà tí ojú ìwé bá kú, ohun tí kò bá sẹ́ni tó gbà á sílẹ̀ nígbà tó wà láàyè, Wayback ò lè jí i dìde. Ìràwọ̀ márùn-ún ni mo fún wọn.

Mo ti ń tún oríkì náà tẹ̀ pẹ̀lú àmì ohùn bí màmá ṣe ń pè é. Ìlà kan ló kù tí àwa méjèèjì ò mọ bí wọ́n ṣe ń pè é, lọ́jọ́ Sọ́ńdè ni màmá máa pe ẹ̀gbọ́n wọn nílé kí wọ́n bi wọ́n.