Lathe (ẹ̀rọ tó ń yí irin ká bá a ṣe ń gé e) tó ti jẹ, tó ti gbó: ká tún un ṣe ni, àbí ká ra òmíràn?

Bẹ́líìtì àti ọ̀pọ̀ bearing kì í wọ́n púpọ̀. Pípààrọ̀ wọn kì í sábà tó owó ẹ̀rọ tuntun. Bẹ́ẹ̀dì, irin gígùn tó wà nísàlẹ̀ ẹ̀rọ náà, gan-an lọ̀ràn wà. Ẹ de carriage (apá tó ń gbé irin ìgé rìn lórí bẹ́ẹ̀dì) le lẹ́gbẹ̀ẹ́ chuck (ẹnu tó di iṣẹ́ mú) títí tí kò fi mì mọ́, àmọ́ tó ṣì lè rìn, kẹ́ ẹ wá tì í lọ sápá tailstock, ìyẹn ìpẹ̀kun kejì. Bó bá há lọ́nà, bẹ́ẹ̀dì ti jẹ nìyẹn, lílọ̀ ọ́ kó tún tẹ́jú sì lè gbówó ju ẹ̀rọ náà lọ.

Tuntun kò ní wàhálà títú palẹ̀, àmọ́ àwọn kéékèèké olówó pọ́ọ́kú fúyẹ́, wọ́n á máa gbọ̀n bẹ́ ẹ bá gé irin jinlẹ̀. Àlòkù ńkọ́? Ọ̀dà lè bo àléébù mọ́lẹ̀. Èmi kì í rà á láìtan án wò.

Ẹni tó láyè, tí bẹ́ẹ̀dì rẹ̀ ṣì dáa, kó tún un ṣe. Ẹni tíṣẹ́ ń dúró dè, tàbí tí kò rí ẹ̀yà ẹ̀rọ rẹ̀ rà mọ́, kó ra òmíràn.